Ẹ fi àwọn tó ń pọnmi sílẹ̀, inú gétì lẹni tó ń ná wa lówó wà

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìta tó ń lo nǹkan ẹ̀sítéètì ti tún gbòde lọ́dọ̀ wa. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, tí wọ́n bá ti fẹ́ fi kún sáfíìsì ṣáàjì, owó àjùmọ̀lò tí gbogbo wa ń dá lóṣù yẹn, ẹnì kan á kàn gbé fọ́tò sórí gúrúùpù WhatsApp, gbogbo wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Tọ̀tẹ̀ yìí, fọ́tò àwọn obìnrin kan ni, wọ́n to kẹ́ẹ̀gì síwájú ẹ̀rọ omi tó yọ sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì wa, ọ̀gbẹ́ni tó ya fọ́tò náà wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ṣé gbogbo abúlé la fẹ́ máa gbọ́ bùkátà ẹ̀ ni. Ẹlòmíì ní kí wọ́n ti ẹ̀rọ pa. Ẹlòmíì ní kí wọ́n gé páìpù ẹ̀ kúrò pátápátá. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, tó jẹ́ pé òun ló máa ń ṣíwájú àdúrà níbi ìpàdé, òun ló wá ní kí sìkiọ́rítì máa gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ wọn. Mo ní háà, Mummy!

Mo ti ṣe akápò ẹ̀sítéètì yìí rí, mo mọ ibi tówó ń gbà jáde, torí náà ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi níbí tí ádímìn kankan ò ti lè yọ mí.

Fẹ́yin tẹ́ ẹ ò mọ àdúgbò wa, ìlà Lẹ́kkí sí Ajah là ń gbé, omi ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ wa, kálukú ló ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tiẹ̀. Ilẹ̀ tí òkun wà lápá kan tí ọ̀sà wà lápá kejì, ẹ mọ bí omi ẹ̀ ṣe máa rí. Nígbà míì iyọ̀ á wà níbẹ̀, nígbà míì irin ló máa pọ̀ nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á sínú báfù nísinsìnyí á mọ́ lóló, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí i, á ti pupa rúsúrúsú, aṣọ funfun tẹ́ ẹ bá fi fọ̀ ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀sítéètì fi ní ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Àwọn tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, tí wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n ta ilẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ẹ̀sítéètì, kànga ni wọ́n ní, tàbí kí wọ́n rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke kiri. Ẹ̀rọ tó yọ síta yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àánú la fi ṣe é o. Ẹni tó kọ́ ẹ̀sítéètì ló bá mọ̀lẹ́bí tó ta ilẹ̀ fún un ṣàdéhùn pé òun máa yọ omi sẹ́yìn fún wọn. Ó wà nínú ìwé, mo fojú mi rí i nígbà tí mo ń ṣe akápò.

Kò tiẹ̀ sí àdéhùn, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Pọ́ǹpù wa, agbára ẹṣin kan àbọ̀ (1.5 HP) ni, iná tó ń jẹ lé díẹ̀ ní kílówáàtì kan. Band A la wà, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, ní April 2024 ni wọ́n gbé owó iná wa láti bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà lórí yúníìtì kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ti ń yí díẹ̀díẹ̀ látìgbà náà àmọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Tí pọ́ǹpù yẹn bá fi wákàtí kan ṣiṣẹ́, iná tó máa jẹ ò ju 250 náírà lọ, láàárín wákàtí yẹn á ti fa omi tó lé ní 2,000 lítà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó jẹ́ 80 nìyẹn. Ẹ pín in. Náírà mẹ́ta lórí kẹ́ẹ̀gì kan! Ẹ wá fi oògùn tá a fi ń tọ́jú omi àti àtúnṣe ẹ̀rọ kún un, ẹ sọ ọ́ di náírà mẹ́wàá, mo ti fi jìn yín nìyẹn. Kí wọ́n pọn ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì lójúmọ́, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni gbogbo ẹ̀, búrẹ́dì gidi gan-an ẹ ò lè rà á ní iye yẹn mọ́. Ilé tó lé ní ọgọ́rin ló máa pín ẹgbẹ̀rún kan yẹn san o.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin inú fọ́tò yẹn, ìyá alákàrà tó ń jókòó lẹ́nu gétì wa ni. Ẹni tó ya fọ́tò náà máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Omi wo ló rò pé wọ́n fi ń po ẹ̀wà yẹn?

Ẹ jẹ́ ká fi omi sílẹ̀, ta ló lè bá omi ṣọ̀tá. Ẹ jẹ́ ká wá sí púùlù, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ilé kan wà ní kúróòsì tó tẹ̀lé tèmi, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì, ẹni tó ni ín ò sùn níbẹ̀ rí. Ó gé e sí fúláàtì kéékèèké, ó ń yá a fáwọn èèyàn fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì yẹn. Mi ò sọ pé ó burú o, kálukú ló ń wá bó ṣe máa jẹun. Àmọ́ ẹ lọ wo ìpolówó ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: púùlù wà, jíìmù wà, kọ́ọ̀tù tẹ́níìsì wà, iná ò ní lọ, sìkiọ́rítì tọ̀sán-tòru. Púùlù ta ni? Jíìmù ta ni? Jẹnẹrétọ̀ ta ni? Gbogbo nǹkan tó fi ń fa oníbàárà mọ́ra yẹn, tiwa ni, àwa la jọ ń ra dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀, àwa la jọ ń sanwó àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Iye tí òun ń san lóṣù kò ju iye tí bàbá àgbà kan tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń san lọ, bàbá tó jẹ́ pé mi ò tíì rí i létí púùlù rí.

Tó bá wá di December, tí àwọn ará London àti Houston bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún fàájì òpin ọdún tí wọ́n ń pè ní Detty December, ilé yẹn kì í ṣófo. Ẹni tó sì yá fúláàtì kan, ọ̀rẹ́ mẹ́jọ ló ń kó wá, ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ń mú ẹnì kan dání. Kóòdù tí wọ́n ń fún àlejò lẹ́nu gétì, tó yẹ kó jẹ́ ti ènìyàn kan fún ìgbà kan, wọ́n á kàn máa fi ránṣẹ́ sí ara wọn ni. Àwọn sìkiọ́rítì ń rí i. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Kóòdù pé, mọ́tò ńlá ni, wọ́n sì ń fún wọn ní tíìpù. Ìyá tó gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ni wọ́n lágbára lé lórí.

Lọ́jọ́ kejì Kérésì tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbi púùlù láàárọ̀ kùtù, àfi bí ibi tí wọ́n ti ṣe òkú àgbà mọ́jú. Bọ̀ọ̀dá tó ń tọ́jú púùlù ti dé, ó káwọ́ lérí, kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ihò ẹ̀gbẹ́ púùlù tó máa ń fa ìdọ̀tí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ inú ẹ̀ jáde, ẹ gbà mí o. Àtáṣímẹ́ńtì odidi ìdì kan, ó ti lọ́ mọ́ ara ẹ̀, eegun adìyẹ wà láàárín ẹ̀, igi súyà wà níbẹ̀, èékánná àtọwọ́dá aláwọ̀ píǹkì mẹ́rin. Ó ki ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ omi wò bọ inú púùlù, ó fi wé àwọ̀ tó wà lára ike ẹ̀, ó mirí. Kílóríìnì tó yẹ kó wà láàárín mílígíráámù kan sí mẹ́ta nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, òdo ni. Ó ti tán. Ó wá là mí lóye nǹkan kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní òórùn tó máa ń ta èèyàn nímú létí púùlù, tójú á pọ́n kuku, tí gbogbo wa ń sọ pé "oògùn ti pọ̀jù," ó ní irọ́ ni, pé ìtọ̀ àti òógùn àti ìpara tó kúrò lára èèyàn ló bá kílóríìnì pàdé, ohun tí wọ́n jọ bí là ń gbóòórùn ẹ̀. Púùlù tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Látìgbà yẹn, tí mo bá ti gbóòórùn yẹn báyìí, ilé ni mò ń padà sí.

Wọ́n da omi púpọ̀ nù, wọ́n fọ fílítà, wọ́n da oògùn sí i, wọ́n ti púùlù pa títí ọdún tuntun fi wọlé. Àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n gba ìsinmi, wọn ò rí i wọ̀. Àwọn àlejò ti padà sí ilẹ̀ òyìnbó, onílé ti gba owó ẹ̀. Àwa la sanwó oògùn. Nígbà tí mo béèrè lórí gúrúùpù pé ta ló máa san án, ẹnì kankan ò fún mi lésì. Ẹni tó máa ń kọ nǹkan gùn gbọọrọ nípa kẹ́ẹ̀gì, kò rí ọ̀rọ̀ mi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó máa ń bá wa ra dírínkì níbi ìpàdé ìparí ọdún.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ká ṣí gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Púùlù yàtọ̀ sí ẹ̀rọ omi. Àwọn ọmọ abúlé kan ti fo fẹ́ǹsì wọ ibẹ̀ rí lálẹ́, mo sì wà lára àwọn tó sọ pé kí wọ́n gbé wáyà lé fẹ́ǹsì ibẹ̀. Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ omi lálẹ́, ọmọ tí ò mọ̀wẹ̀ bá bọ́ síbi tó jìn, kí ìyá ẹ̀ tó mọ ibi tó wà, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn, kì í ṣe tàhun. Pápá bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé jàre. Láàárín ọ̀sẹ̀ láti aago mẹ́rin, kò sí ọmọ wa kan níbẹ̀, wọ́n ń ṣe lẹ́sìnnì tàbí kí wọ́n wà nídìí fóònù, koríko ló ń dàgbà. Ọmọ máígádì wa ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù dé góńgó, ìgbà tí ẹnì kan lé e jáde pé kì í ṣe ọmọ onílé, àwọn ọmọ onílé gan-an ló wá bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà torí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ góòlù.

Èyí tó tún ń bí mi nínú jùlọ, tẹ́nikẹ́ni kì í sọ, ni tàwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Òfin ẹ̀sítéètì wa sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ò gbọdọ̀ wọ púùlù, kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀. Kò burú, àmọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ bá rán an pé kó mú ọmọ lọ síbi púùlù ńkọ́? Mo ti rí ọ̀kan, bóyá ni ọmọ yẹn á tó ogún ọdún, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó dúró sórí kọnkéré nínú oòrùn, ó di táwẹ́ẹ̀lì mú, ojú ẹ̀ ò kúrò lára ọmọ tó ń bẹ nínú omi. Mo bi í pé ṣó mọ̀wẹ̀. Ó ní "rárá mà." Ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ létí omi o, òun ni ará ìta. Ẹni tó ń sun BQ wa, tó ń lo omi wa láti January dé December, ará ìta. Àwọn ọgbọ̀n èèyàn tó ti ibòmíì wá gbé spíkà sétí púùlù, "àlejò onílé" ni wọ́n.

Àbúrò mi tó ń gbé Peckham ní kí n má rò pé Èkó nìkan ni. Ní Lambeth, London lọ́hùn-ún, ní 2019, ìwé ìròyìn tú u fó pé ilé kan wà tí wọ́n kọ́ tàwọn tó fowó ńlá rà á àti tàwọn tó ń san owó ilé pọ́ọ́kú sójú kan náà, àmọ́ tí wọ́n dí ọ̀nà ibi ìṣeré mọ́ àwọn ọmọ tàwọn olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á máa wo àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ojú fèrèsé. Ìgbà táriwo ẹ̀ pọ̀ ni wọ́n tó ṣí i. Nígbà tó di 2021, wọ́n tún ṣí púùlù kan ní Nine Elms, ní London náà, ó mọ́ gaara, ó nà láti orí òrùlé ilé kan dé orí èkejì, ẹni tó ń lọ nísàlẹ̀ á máa rí ìdí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń gbé apá tówó ẹ̀ dínkù nínú ẹ̀sítéètì kan náà, wíwò ni tiwọn. Àbúrò mi ní tó bá jẹ́ òun, òun máa máa gbé ojú sókè wò wọ́n láràárọ̀ kójú lè tì wọ́n.

Ti ọ̀nà, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìjọba ló la ẹ̀sítéètì yín, tó jẹ́ owó ìlú ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà, gétì tẹ́ ẹ lọ gbé síbẹ̀ ò sọ ọ́ di tiyín. Ẹ lọ wo Festac, ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ nítorí àjọ̀dún 1977, ẹ wo iye gétì tó wà níbẹ̀ lónìí, kúlóòsì kọ̀ọ̀kan ti di ìlú olódi. Mo mọ̀ pé olè ló fà á. Àmọ́ kẹ́ ẹ wá máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá lọ, lórí kí ni?

Ká padà sórí owó. Nígbà tí mo fẹjọ́ ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì sun alága, ó ní ọ̀gbẹ́ni yẹn ti sọ pé òun ò sí nínú ẹgbẹ́ onílé wa, pé a ò lè fipá mú òun. Òótọ́ sì ni o. Lọ́dún 1991, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa dá irú ẹjọ́ yìí, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan nílẹ̀ Ìgbò ló lọ gba ẹ̀rọ ìránṣọ ọkùnrin kan torí pé kò dá owó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé ìtọ́jú aláìsàn, ọkùnrin náà ní ẹ̀sìn òun ò gba òun láyè láti wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gbè é, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi túláàsì mú èèyàn wọ ẹgbẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ní kí alága sọ fún un pé a gbà, kó má wọ ẹgbẹ́, àmọ́ kó yọ púùlù, jíìmù àti jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ìpolówó ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé tó buwọ́ lù nígbà tó ra ilé yẹn sì wà níbẹ̀, ó gbà láti san owó àjùmọ̀lò. Ìyẹn ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́, àdéhùn owó ni. Alága kàn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé alága náà ti ń tún ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ṣe, ó fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo máa gbé wá sípàdé nìyí, ẹ gbọ́ ọ látẹnu mi kí wọ́n tó yí i padà. Ẹ fi ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn sílẹ̀, ká kàn gbé mítà sí i kí ariwo lè tán, ká máa ṣí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ilé tí wọ́n bá ń fi ṣe ṣọ́ọ̀tìlẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kó máa san owó sáfíìsì lórí fúláàtì kọ̀ọ̀kan dípò odindi ilé, kí àlejò púùlù máa ra bándì ọwọ́, kó má ju ènìyàn méjì lọ lórí fúláàtì kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe pátì létí púùlù, yálà ó ń gbé ibẹ̀ ni o tàbí kò gbé ibẹ̀, kó san owó ìtọ́jú sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá mú ọmọ wá, kó jókòó sórí àga bí èèyàn, ẹ sì jẹ́ ká wá ẹni tó mọ̀wẹ̀ tó máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tìtorí àwọn ọmọ wa náà ni.

Ìkẹyìn, ìṣirò. Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó tó jáde ní 2011 sọ pé ẹni tó bá ń gba owó sáfíìsì lọ́wọ́ ayálégbé gbọ́dọ̀ já rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún un, kó sì máa kọ bó ṣe ná an sílẹ̀ fún un, ó pẹ́ tán, lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. (Ẹ̀yin ará Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà, òfin yẹn yọ yín sílẹ̀, ẹ má bínú, wọ́n ní olówó ni yín.) Ẹ̀yin ayálégbé ẹ̀sítéètì wa, ẹ ti béèrè tiyín lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù rí? Ìpàdé máa wáyé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ kánópì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ mú rìsíìtì yín dání, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ìpolówó ilé yẹn sórí fóònù yín kó tó di pé wọ́n yọ ọ́ kúrò.